Ta Ló Bi Abúlé Léèrè?

Ọ̀kadà já ọkùnrin náà sílẹ̀ nídìí igi máńgòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà abúlé wa, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí màmá mi ń yan gàrí. Náílọ́ọ̀nù dúdú kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ẹrù mìíràn. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i kí i pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ó rò pé àlejò ni. Ẹnì kejì tó rí i mọ̀ ọ́n. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú ni abúlé wa wà, kò jìnnà sí Lálúpọn. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, mi ò sì ní dárúkọ ọkùnrin náà, torí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láyé. Gbogbo wa la mọ ohun tó gbé e dẹ́wọ̀n. Ìjà ààlà oko ni. Àdá wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ọ̀kan sọ̀rọ̀, èkejì fèsì. Kí àwọn tó wà lóko kejì tó sáré dé ibẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́. Ọdún mọ́kànlá ló lò lẹ́wọ̀n. Nígbà tó lọ, mi ò tíì mọ̀wé kà. Nígbà tó dé, mo ti wà ní girama.

Wọn ò sọ fún baálẹ̀ pé ó ń bọ̀. Wọn ò sọ fún mọ́gàjí ilé wọn ní Ìbàdàn. Wọn ò sì sọ fún ìyàwó olóògbé, bẹ́ẹ̀ ọ̀kánkán ilé baba ọkùnrin yìí ni ìyá náà ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ń ti odò bọ̀, wọ́n pàdé lójú ọ̀nà, korobá omi sì já bọ́ lórí rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: "Wọn ò tiẹ̀ sọ fún mi."

Ọkùnrin náà alára ò bá ilé nílé. Òjò ti wó yàrá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti ta oko, wọ́n ti gé e sí pùlọ́ọ̀tì, ẹni tó rà á sì ti ri òpó kọnkéré mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Abẹ́ àtíbàbà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ló ń sùn. Wọ́n kìlọ̀ fún àwa ọmọdé pé a ò gbọdọ̀ débẹ̀. Màmá mi máa ń gbé oúnjẹ sórí búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀, wọ́n á sì tètè yà kúrò kó má di pé wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Èmi náà sá fún un. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a jí lọ́jọ́ kan, a ò rí i mọ́. Ara tu gbogbo wa. Òótọ́ ni mò ń sọ yìí, ó sì ń tì mí lójú: ara tù wá.

Mo rántí ọkùnrin yìí ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí orúkọ èèyàn 175 jáde pé Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti ṣíjú àánú wò wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ rántí ariwo tó sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí wọ́n dẹ́wọ̀n nítorí oògùn olóró wà níbẹ̀. Obìnrin kan tí kóòtù dájọ́ ikú fún lórí ikú ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba tún ìwé náà yẹ̀ wò, wọ́n yọ àwọn orúkọ kan kúrò, ìdáríjì tí wọ́n kọ́kọ́ fún obìnrin náà sì di ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá.

Ìdáríjì Ààrẹ kọ́ ni páróòlù o, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmọ́ láàárín ariwo yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tó kan páróòlù ju ohunkóhun lọ: ẹ kọ́kọ́ yẹ ọpọlọ wọn wò. Kí onímọ̀ ìwà ẹ̀dá jókòó tì wọ́n, kó bi wọ́n ní ìbéèrè, kó fún wọn ní máàkì. Ẹni tó bá yege, kó máa lọ sílé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó jókòó síbẹ̀. Ó dùn ún gbọ́. Ó jọ ohun tí wọ́n ń ṣe lókè òkun.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Àyẹ̀wò ọkàn dára, ó sì yẹ ká ní i ní gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n wa. Àmọ́ ẹlẹ́rìí ni ó yẹ kó jẹ́. Bí a bá gbé ẹlẹ́rìí jókòó sórí àga adájọ́, tó wá jẹ́ pé ìwé òun nìkan ló ń sọ ẹni tó máa jáde àti ẹni tó máa gbó síbẹ̀, ó máa ṣi ẹjọ́ dá lápá ọ̀tún, ó máa ṣì í dá lápá òsì, abúlé bíi tiwa ni ó sì máa ru ẹrù rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ orí ẹlẹ́wọ̀n wò, ẹ yẹ ilé tó ń padà sí wò pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí òfin wa sọ. Páróòlù ni kí wọ́n tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, pẹ̀lú àdéhùn. Bó bá yẹ àdéhùn náà, ó lè padà sí àhámọ́. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, sọ ọ́ ní abala 468. Bí wọ́n bá sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ọdún 15 ó kéré tán, tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, tó sì ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n lè kọ̀wé sí kóòtù pé ìwà ẹni náà dára. (Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń ka ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀wọ̀n gbére.) Kóòtù á gbọ́ tẹnu olùpẹ̀jọ́, á gbọ́ tẹnu ẹlẹ́wọ̀n tàbí lọ́yà rẹ̀, lẹ́yìn náà ó lè ní kó máa lọ. Òfin ọdún 2019 tẹ̀ lé e. Òfin yẹn ló sọ pé kí a yéé pe iléeṣẹ́ náà ní ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí ó di iléeṣẹ́ àtúnṣe ìwà, ó sì fi páróòlù sára iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa bójú tó.

Ẹ tún abala 468 yẹn kà. Ìwà dáadáa ló bèèrè. Kò bèèrè àyẹ̀wò ọkàn. Kò dárúkọ ìyá tí ọkọ rẹ̀ kú. Kò dárúkọ baálẹ̀. Ta ló wá ń rí ìwà dáadáa yìí? Wọ́dà ni. Níbo ló ti ń rí i? Nínú ọgbà tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń sọ ìgbà tí o máa jí, ìgbà tí o máa jẹun àti ìgbà tí o máa sùn. Ẹni tí kò fọwọ́ kan àdá fún ọdún mọ́kànlá, báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tó máa fi àdá ṣe? Ẹni tí kò ní oko, ta ló fẹ́ bá jà lórí ààlà? Ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́jẹ́ nínú ẹ̀wọ̀n torí pé kò sí ohun tó lè mú wọn bínú bíi tilé. Àwọn mìíràn ń jà níbẹ̀ torí pé ibẹ̀ há, ibẹ̀ gbóná, ebi sì ń pa wọ́n. Àwọn baba wa ní ìwà lẹwà, ṣùgbọ́n ìwà tí wọ́n ń sọ ni èyí tí ará ilé rí, tí ará ọjà rí, tí àna rí. Ìwà tí wọ́dà rí kò tó fún wa.

Torí náà, bí ẹ bá ní ká fi nǹkan kún un, mo wà lẹ́yìn yín. Ohun tí ẹ fẹ́ fi kún un ló yẹ ká jọ tú wò.

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ìdánwò yìí, Robert Hare ló ṣe é ní Kánádà. Ohun ogún ni wọ́n ń wò lára èèyàn. Wọ́n á fún un ní òdo, ení tàbí èjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ ò lè ju 40 lọ. Bí máàkì bá ṣe ga tó ni wọ́n ṣe ń rí i bí ẹni tí kò ní ẹ̀rí ọkàn. Lára ohun tí wọ́n ń wò: ṣé ó ti fẹ́ ìyàwó léraléra tí kò pẹ́? Ṣé àwọn ẹlòmíì ló ń gbé e jẹ? Ṣé kò ní ètò kan pàtó fún ọjọ́ iwájú? Ṣé ọmọ pálapàla ni láti kékeré?

Ó dáa. Ẹ gbé e fún àgbẹ̀ kan láti Akànràn ní Ọ̀nà Àrà. Ìyàwó mẹ́ta ló ti fẹ́, méjì ti kó ẹrù wọn lọ. Ilẹ̀ ẹbí ló ń dá oko sí, ilé ẹbí ló ń sùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nígboro ló ń san owó iléèwé ọmọ rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ máa ṣe ní ọdún márùn-ún sí i, ó ní, "Ọwọ́ Ọlọ́run ló wà." Àwa tí a mọ ilé mọ̀ pé ọmọlúàbí ló ń fèsì bẹ́ẹ̀. Lórí ìwé, máàkì ń gùn sókè.

Dókítà ọpọlọ tún lè bi í bóyá ó máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Aládùúrà ni. Ó ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè, ó sì gbọ́ ohùn tó ń pe orúkọ rẹ̀. Kí ni kó wá sọ? Bó bá sọ òótọ́, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Bó bá purọ́, òpùrọ́ ni. Onímọ̀ tó dáńtọ́, tó gbédè, tó sì fara balẹ̀, máa mọ ìyàtọ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n máàkì lásán ò ní mọ̀ ọ́n, ẹni tó sì máa ka ìwé náà ní kóòtù, máàkì ló máa kọ́kọ́ wò.

Èyí kì í ṣe ohun tí mo jókòó rò lórí ẹní. Jeffrey Ewert jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Kánádà, ọmọ Métis ni, ìyẹn ni pé ara àwọn tó ní ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ó ti lo ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́wọ̀n. Ó pe iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́jọ́ pé wọn ò tíì fi hàn pé àwọn ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn òun bá irú àwọn èèyàn òun mu. Ti Hare wà lára wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, kóòtù tó ga jù ní Kánádà sọ pé lóòótọ́ ni, iléeṣẹ́ náà ò ṣe ohun tí òfin ní kó ṣe láti rí i dájú pé ìdánwò náà tọ́ fún wọn. Ẹ gbọ́ o, ní Kánádà níbi tí wọ́n ti ṣe ìdánwò ọ̀hún gan-an ni kóòtù ti sọ èyí. Àwa fẹ́ kó o wọ Àgódi bí ẹni ra bàtà òkìrìkà láìwọ̀ ọ́n wò.

Ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ tó yẹ ká mọ̀. Wọ́n há àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan mọ́ ilé ìwòsàn tó wà fún ọ̀daràn, wọ́n ní ọpọlọ wọn ò pé, wọ́n sì léwu, àwọn kan nínú wọn ti parí ọjọ́ ẹ̀wọ̀n wọn pátápátá. Ọ̀kan nínú wọn, Johnnie Baxstrom, gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù tó ga jù. Lọ́dún 1966, kóòtù dá a láre. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n kó àwọn 967 lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà fún gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì padà sílé nígbẹ̀yìn. Àwọn olùṣèwádìí tọpa wọn fún ọdún mélòó kan. Àwọn tó ṣe ohun tí àwọn dókítà ń bẹ̀rù ò tó nǹkan. Àwọn tó kù ńkọ́? Ta ló máa dá ọdún wọn padà?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí abúlé máa dájọ́. Rárá o. Ẹ̀rù ń ba abúlé, ìdí sì wà tí ẹ̀rù fi ń bà á. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n ń pa èèyàn káàkiri ní Akínyẹlé, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́kùnrin kan lórí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù keje. Ní oṣù kẹjọ, ó sá kúrò ní àhámọ́ wọn. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n tún rí i mú. Ẹ bi ẹni tó ń gbé Mọníyà bí oorun wọn ṣe rí láàárín ọjọ́ tó sá lọ sí ọjọ́ tí wọ́n mú un padà. Bí ẹ bá gbé ìwé páróòlù dé iwájú irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ó máa ní kí gbogbo wọn máa gbé ibẹ̀ títí ayé. Àwa náà ní Lágelú ì bá sọ bẹ́ẹ̀.

Yorùbá ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n tún ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òwe méjèèjì yìí ló ń gbé inú abúlé tí ẹlẹ́wọ̀n ń padà sí. Nígboro Ìbàdàn, ẹni tó bá ti ẹ̀wọ̀n dé lè kó lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀ tàbí Ìwó Road, kó gba yàrá kan, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ọ́n. Ní abúlé tí ilé ogún wà, odò kan, ọ̀nà kan, ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ kan, ibo ló máa gbà tí kò ní pàdé ìyá tó sọ di opó?

Torí náà, abúlé ò lè ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí abúlé mọ̀, kò sí onímọ̀ kan tó lè fi ìbéèrè ogún rí i nínú yàrá ọgbà ẹ̀wọ̀n. Abúlé mọ̀ pé wọ́n ti ta oko. Abúlé mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ ò fẹ́ rí i. Abúlé mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ààlà tó dá ìjà sílẹ̀ ti parí àbí ó ṣì wà níbẹ̀ bí iná abẹ́ eérú. Abúlé sì lè mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí kóòtù ò mọ̀.

Kí ẹ má baà sọ pé ìyẹn ò ṣe pàtàkì, ẹ wo London. John Worboys jẹ́ awakọ̀ takisí tó ń fi oògùn sínú ọtí fún àwọn obìnrin tó bá gbé, tó sì ń ṣe wọ́n báṣubàṣu. Kóòtù dá a lẹ́bi lọ́dún 2009. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ìròyìn jáde pé ìgbìmọ̀ páróòlù ti ní kó máa lọ. Àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá kọ̀wé síbẹ̀, ìwé wọn sì ti ìtúsílẹ̀ náà lẹ́yìn. Àwọn obìnrin méjì tó ṣe níṣekúṣe gba kóòtù lọ. Ní oṣù kẹta, kóòtù fagi lé ìtúsílẹ̀ náà. Àwọn adájọ́ ní ó yẹ kí ìgbìmọ̀ náà ti wádìí àwọn ẹ̀sùn yòókù tó wà nílẹ̀, kí wọ́n má fi mọ sórí èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jù ú sẹ́wọ̀n. Ẹ rí i pé nílùú tí wọ́n ti ní onímọ̀ tó pọ̀, ẹnu àwọn tó fara gbá a ló gba ọ̀rọ̀ náà là.

Kí ni mo wá fẹ́? Ohun mẹ́ta ni.

Ìkíní, kí àyẹ̀wò ọkàn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹlẹ́wọ̀n wọlé, kó má jẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ jáde nìkan. Bí ọkùnrin abúlé wa bá jẹ́ ẹni tí inú ń bí kíákíá, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ní láti kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Ẹni tí a ò tọ́jú láti ọdún yìí wá, kí la fẹ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn?

Ìkejì, kí ìwé onímọ̀ náà sọ ohun tí ẹni náà nílò, kó yéé fún wa ní nọ́ńbà lásán. Kó sọ pé: ẹni yìí ò gbọdọ̀ padà sídìí ọtí; ẹni yìí gbọ́dọ̀ máa rí dókítà lóṣooṣù; ẹni yìí ò lè gbé ní ọ̀kánkán ilé lágbájá. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ lè fi ṣe àdéhùn páróòlù.

Ìkẹta, kí ìdajì àyẹ̀wò náà wáyé nílé. Kí òṣìṣẹ́ kan gun ọ̀kadà dé abúlé, kó rí baálẹ̀, kó rí mọ́gàjí, kó jókòó ti ẹbí olóògbé ní ìkọ̀kọ̀, kó béèrè ibi tí ọkùnrin náà máa sùn àti iṣẹ́ tó máa ṣe. Kó kọ èsì wọn sílẹ̀, kí kóòtù gbọ́ ọ pẹ̀lú ti wọ́dà àti ti onímọ̀, kí adájọ́ wá dájọ́. Bí ilé ò bá gbà á, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé kó jókòó sẹ́wọ̀n. Ó túmọ̀ sí pé ká wá ibòmíràn fún un kó tó jáde. Abala 468 kan náà ló sọ pé ẹni tí wọ́n bá tú sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti máa mú un bọ̀ sípò, ó sì ní kí ọ̀gá àgbà ṣètò owó rẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò rí i pé òfin ti sọ̀rọ̀, ọwọ́ ni kò tíì dé ibẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé abúlé ò lè dá sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ọpọlọ, ẹ sọ ìtàn Arò fún un. Lọ́dún 1954, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lámbò ò ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi wọ́n sílé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn Arò ká. Aláìsàn máa ń mú ará ilé rẹ̀ dání, á gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, á sì padà sáàárín èèyàn. Àwọn ará abúlé ń gba owó ilé. Gbogbo ayé wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Nǹkan tí Yorùbá ti ṣe yọrí ní ọdún àádọ́rin sẹ́yìn fún ẹni tí gbogbo èèyàn ń sá fún, ṣé a ò lè ṣe irú rẹ̀ fún ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé?

Wọ́n á ní kò sí owó, kò sí onímọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn dókítà ọpọlọ wa ò pọ̀, púpọ̀ sì ti jápa. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìwà ẹ̀dá wà ní Yunifásítì Ìbàdàn láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa ò tíì dáyé. UCH wà níbẹ̀, ọ̀kadà láti ẹnu géètì wọn dé Àgódi ò ní pẹ́ rárá. Ọmọ tó ń kàwé gboyè níbẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá, lè lọ jókòó sábẹ́ igi ní Ẹgbẹ́dá kó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ojú ọ̀gá rẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2023 ni àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa sì ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti ní ọgbà àtúnṣe tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ò lè máa sọ mọ́ pé ọ̀rọ̀ Àbújá ni.

Wọ́n á tún ní páróòlù fún ta ni, nígbà tí bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà ní àhámọ́ ò tíì gba ìdájọ́? Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí òótọ́ ni. Nígbà tí àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò nílùú Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn tó jáde ju 800 lọ, àwọn tó ń retí ẹjọ́ ni wọ́n. Ẹni tí kóòtù ò tíì dá lẹ́bi ò lè gba páróòlù. Kí wọ́n yára gbọ́ ẹjọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ pé ká ṣíwọ́ lórí àwọn tó ti gba ìdájọ́. Àwọn náà ń padà bọ̀ wálé, pẹ̀lú páróòlù tàbí láìsí páróòlù. Ọkùnrin abúlé wa ò gba páróòlù, ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Bó bá tiẹ̀ yege gbogbo ìdánwò Hare kó tó jáde, abẹ́ àtíbàbà ẹ̀gẹ́ náà ló máa sùn.

Ẹnì kan sọ fún mi pé òun rí i ní Bódìjà, níbi tó ti ń ru pákó. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò bá a.

Ìyá yẹn ṣì wà ní abúlé. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ọdún Iléyá tó kọjá, mo fi ọgbọ́n bi wọ́n: "Màmá, ká ní wọ́n wá bi yín nígbà yẹn kó tó dé, kí lẹ máa sọ?" Mo rò pé wọ́n máa ṣépè. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Wọ́n ní, "Mi ò ní sọ pé kó má bọ̀ o. Ilé baba tiẹ̀ náà ni. Mo kàn máa ní kí wọ́n sọ ọjọ́ tó ń bọ̀ fún mi, kí n lè lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Ìbàdàn títí ọkàn mi á fi balẹ̀."